Àbúrò mi ti gba àyè sí Law School, owó ò pé. Ẹ bá mi dá sí i

Télọ̀ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, mi ò sì mọ ẹlòmíì tí mo lè fi lọ̀.

Àbúrò mi obìnrin parí ìwé rẹ̀ nínú ìmọ̀ òfin, ọdún márùn-ún gbáko. Second Class Upper ló mú bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni orúkọ rẹ̀ jáde fún Law School, ilé-ìwé tí ẹni tó kàwé òfin ń lọ kó tó di lọ́yà. Èmi àti màámi pariwo títí àwọn ará àdúgbò fi sáré wá wò wá. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ló na fóònù rẹ̀ sí mi, tó fi iye tí wọ́n máa san hàn mí: ₦476,000. Ìyẹn nìkan kọ́. Aṣọ dúdú ń bẹ níbẹ̀, aṣọ funfun ń bẹ níbẹ̀, ìwé, owó ọkọ̀, oúnjẹ, wíìgì àti gáùn nígbẹ̀yìn. Mo fi bírò ṣírò gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí mo máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan.

Bàbá wa ti di olóògbé láti ìgbà tí àbúrò mi wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Gààrí ni màámi ń yan. Èmi ń ránṣọ, ₦150,000 ni àjọ tí mo máa kó lóṣù yìí. Wọ́n ní sikọ́láṣíìpù wà fún àwọn ọmọ Law School. Níbo ló wà? Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí wọ́n wọlé. Ọmọ náà ti ń sọ pé kí òun kúkú lọ ṣe tíṣà ná. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n! Ọlọ́run yóò parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Sikọ́láṣíìpù pọ̀ o. MTN ń fún àwọn ọmọ yunifásítì lọ́dọọdún. NNPC náà ń ṣe é, òun àti TotalEnergies. NELFUND tún wà tó jẹ́ ti ìjọba, tààrà ni wọ́n ń sanwó fún ilé-ìwé. Kí ó wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ òní, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Lọ́yà Akúrẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ àbúrò mi òkè yìí ṣe, kí ẹ má baà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn sáré lórí ohun tí kò kàn yín.

Ti MTN, àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń fún. Apá kan tún wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, ìyẹn nìkan ni ọmọ tó ń kọ́ òfin lè bá wọlé. Ti àwọn iléeṣẹ́ epo, ọmọ tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá. Ẹni tó ti parí LL.B., ìyẹn oyè òfin ní yunifásítì, ti kọjá wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ni bí ewúro, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ tètè mọ̀ ọ́n.

Ti NELFUND, ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe sikọ́láṣíìpù. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó wà nídìí rẹ̀ báyìí. Kò ní èlé, wọ́n ń san owó ilé-ìwé, wọ́n sì ń fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí ọmọ lóṣooṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá parí agùnbánirọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí orí ìkànnì NELFUND. Kí àbúrò yín wo inú àwọn ilé-ìwé tó wà níbẹ̀. Tí kò bá rí ilé-ìwé rẹ̀, kí ó pa fóònù dé, kó má fi ọjọ́ kan ṣòfò níbẹ̀.

Nípa iye owó, 2023 ni wọ́n gbé e láti ₦296,000 lọ sí ₦476,000. Ẹ wo ìwé tó jáde fún sẹ́ẹ̀tì tiwọn gan-an, ẹ má lo ti ẹni tó ti lọ ṣáájú.

Èyí tó wà fún ọmọ Law School gangan ni bọ́sàrì ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ló ń fún ọmọ bíbí wọn tó bá wà ní Law School ní owó ìrànwọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé bọ́sàrì o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo bẹ yín lórúkọ Ọlọ́run.

Ọmọ mi ọkùnrin kọ ti ìpínlẹ̀ wa. Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. A gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀, a ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mẹta, mo bá a wọ ọkọ̀ lọ sí olú-ìlú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí a máa lọ, pé àwọn yóò pè wá. Ó wọ Law School, ó ṣe ìdánwò, ó jáde, wọ́n dé wíìgì fún un ní Àbújá, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni owó náà wọlé. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe nígbà náà? Mo ti ta fìríìsà mi méjèèjì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdààmú. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí ẹ̀gbọ́n má kọ ọ́. Kí ó kọ ọ́, kí ó sì ṣe bí ẹni pé kò kọ ọ́. Èmi náà gba ti Èkó nígbà tí mo wà ní Law School. Òótọ́ ni, ó pẹ́ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní gbèsè, bọ́sàrì yẹn ni mo fi san án. Owó tó bá pẹ́ wọlé náà ń san gbèsè.

Nǹkan tó ń dá owó yìí dúró jù kì í ṣe ìjọba nígbà gbogbo. Ìwé wa ni. Orúkọ tó wà nínú NIN mi ní lẹ́tà kan tí ti báǹkì kò ní. “Oluwasheun” ni wọ́n kọ síbì kan, “Oluwaseun” níbòmíì. Lẹ́tà “h” kan ṣoṣo! Wọ́n san owó àwọn ẹgbẹ́ mi, tèmi padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń tún un ṣe. Kí àbúrò yín tẹ́ ìwé gbogbo sórí tábìlì lónìí: NIN, BVN, ìwé-ẹ̀rí WAEC, lẹ́tà ìgbàwọlé, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀. Kí ó ka orúkọ rẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà. Lọ́dọ̀ tiwa l'Ékòó, wọ́n tún béèrè káàdì LASRRA, ìyẹn káàdì olùgbé Èkó. Àkáùǹtì tó máa fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti màámi.

Akọ̀wé Àgbà
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Gbogbo yín ń sáré lọ bá iléeṣẹ́ àti ìjọba, ẹnì kan ò dárúkọ ìlú. Kí iléeṣẹ́ epo tó dé ni àwọn baba wa ti ń dá owó jọ fún ọmọ ìlú láti lọ kàwé lókè òkun, pàápàá ìwé òfin. Ẹ wo Olóyè Awólọ́wọ̀. Wọ́n ṣe akọ̀wé, wọ́n ṣe oníròyìn, wọ́n ṣòwò kòkó, wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ọdún 1944, tí wọ́n ti di ẹni ọdún márùndínlógójì, ni wọ́n tó ráyè lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, Inner Temple, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò níbẹ̀, sì pè wọ́n sí iṣẹ́ lọ́yà ní 1946. Ní London yẹn náà ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945, owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ Yorùbá sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà fi sọ́kàn. Ẹni tó ti mọ ìyà àìrówó-kàwé ló ń ronú owó ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíì.

Ní ẹgbẹ́ wa, owó wà nílẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni lẹ́tà tó ṣeé kà sétí ìpàdé. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan kọ ojú-ewé mẹ́rin ní Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Alága ka ojú-ewé kan àbọ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí a gbé ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ọmọ kejì kọ ìdajì ojú-ewé. Mo ṣì ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú fáìlì. Mo yọ orúkọ kúrò, ẹ wò ó:

“Ọmọ agboolé báyìí ni mí, ní àdúgbò báyìí. Bàbá mi ni lágbájá tí ń kan ilẹ̀kùn ní ìdí ọjà, tó di olóògbé ní ọdún báyìí. Mo ti parí ìmọ̀ òfin, mo sì ti gba àyè sí Law School. Iye báyìí ni owó ilé-ìwé. Àwa ẹbí ti rí iye báyìí. Ohun tó kù ni iye báyìí. Mo bẹ ẹgbẹ́ kí ẹ bá wa gbé apá kan nínú rẹ̀. Ẹ lè san án tààrà sí ilé-ìwé, n ó mú rìsíìtì wá sí ìpàdé. Àwọn ìwé mi wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.”

Nígbà tí mo kà á dé “tí ń kan ilẹ̀kùn ní ìdí ọjà”, bàbá àgbà kan dìde nílẹ̀, ó ní ọkùnrin yẹn ló kan ilẹ̀kùn ilé òun, kò sì tíì wọ́ di òní. Ọ̀rọ̀ parí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó lápò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́. Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta nínú lẹ́tà yẹn. Ó sọ ẹni tó jẹ́. Ó fi iye tí ẹbí ti rí hàn, kò na ọwọ́ òfìfo. Ó ní kí wọ́n san án sí ilé-ìwé, kì í ṣe sí ọwọ́ òun.

Télọ̀ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Omi bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn.

Ìbẹ̀rù mi ni pé àwa ò sí nínú ẹgbẹ́ ìlú. Bàbá wa kì í lọ sí ìpàdé, kò sì san owó ẹgbẹ́ kó tó kú. Ṣé wọn ò ní sọ pé ìgbà tí nǹkan ṣú la tó mọ ọ̀nà?

Akọ̀wé Àgbà
Wọ́n lè sọ ọ́. Ẹ lọ báyẹn náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí agboolé yín nílé, ìwọ àti màmá yín, kí ìpàdé tó dé. Ẹ mú ọmọ náà dání. Òun ni yóò mú un lọ síwájú ẹgbẹ́. Ọmọ tí olórí agboolé bá mú wá, ẹgbẹ́ kì í bi í léèrè owó oṣù tí bàbá rẹ̀ jẹ.

Adé Peckham
Mo kí gbogbo ilé láti London. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí ó gbìyànjú ìhín? Àwọn Inn mẹ́rin tó wà níbí, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, Lincoln's Inn, Inner Temple, Middle Temple àti Gray's Inn, ń fún àwọn tó fẹ́ di agbẹjọ́rò ní sikọ́láṣíìpù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dọọdún. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbà á. Inner Temple ló pe Sàpárà Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, ní 1879. Ilé wa nìyẹn láti ayébáyé.

Lọ́yà Akúrẹ́
Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ ṣeun, ìròyìn rere ni fún ẹni tó bá ń gbé ọ̀hún. Fún ọmọ yìí, ọ̀nà jíjìn ni. Oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti ń ti ìlẹ̀kùn fọ́ọ̀mù yẹn, owó físà àti owó ilé níbẹ̀ sì tún wà lọ́tọ̀. Tó bá wá di lọ́yà ní ọ̀hún tó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé, yóò ṣì padà wá ṣe Bar Part II, ìyẹn ẹ̀kọ́ Law School yìí náà. Bar Part II ni ọmọ tó kàwé níbí ń bọ́ sí tààrà. Àyè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ni kí ó dì mú.

Adé Peckham
Mo gbà. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ Bar Part II yẹn. Ẹ ṣeun, lọ́yà.

Ṣadé B.L.
Ẹ káàárọ̀ o. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n pè mí sí Bar, tí mo di lọ́yà, ara mi ṣì ń ta mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó ń bá lọ tí ẹnì kan kì í sọ fúnni.

Owó ilé-ìwé, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ń san án, ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń jẹni ni kéékèèké. Oúnjẹ lójoojúmọ́. Ẹ̀dà ìwé, nítorí iṣẹ́ àjọṣe pọ̀, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa ṣe é lẹ́ẹ̀dà. Àwọn dínà tí wọ́n ní kí a jẹ pẹ̀lú àwọn àgbà lọ́yà, ó ní aṣọ tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá tú wọn lọ sí kóòtù àti ilé-iṣẹ́ lọ́yà láti lọ kọ́ṣẹ́, owó ọkọ̀ òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni. Mo lo bàtà dúdú méjì tán lọ́dún yẹn.

Kí ó má gbèrò pé òun yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Tí wíwá sí kíláàsì rẹ̀ kò bá tó ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ ta ọjà ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ń pẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé. Ó tún ìdánwò ṣe. Owó tó rí lọ́jà kò tó owó tó fi padà wá.

Sikọ́láṣíìpù ti lọ́yà: àwọn àgbà lọ́yà kan wà tí wọ́n ń san owó Law School fún ọmọ. Ẹnì kan san ìdajì tèmi. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo wà ní ọdún kẹrin ni. N kò tọrọ, mo kàn lọ kí wọn pé mo ti rí àyè, wọ́n béèrè pé ta ló ń san án. Kí àbúrò yín ronú ilé-iṣẹ́ lọ́yà gbogbo tó ti kọ́ṣẹ́ rí, kí ó wọ aṣọ tó mọ́, kí ó lọ kí wọn lójúkojú. Kí ó má fi WhatsApp ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé télọ̀ ni yín? Kóòtù dúdú àti yẹ̀rì rẹ̀ tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, ó já lápá kó tó di oṣù kẹta. Gbogbo wa là ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n rán.

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Wa
Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ owó kíákíá lẹ fẹ́, àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ yá a lọ́wọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ó pé nìyẹn.

Ìyá Ìbejì
Rárá o! Ẹ má dán an wò! Èlé wọn ń gun ara wọn lósẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ọjọ́ kan pẹ́, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín, títí kan àwọn oníbàárà aṣọ yín. Ojú mi rí i lára àbúrò ọkọ mi. Ó pa fóònù tì fún oṣù méjì.

Alájẹṣẹ́kù Ṣàgámù
Bí a bá máa yá, ká yá a lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ilé wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń bẹ lọ́jà tí màmá yín ti ń ta gààrí, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Tí wọ́n bá ti ń dá owó níbẹ̀, wọ́n lè yá ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ní nílẹ̀, onídùúró méjì ni wọ́n máa béèrè. Èlé rẹ̀ kéré, inú ẹgbẹ́ náà ni èrè yóò sì tún padà sí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọ̀gá, mo ní àtakò díẹ̀. Màmá tó ń yan gààrí, tí kò ní ọkọ mọ́, kí ó wá jẹ gbèsè? Tí ọmọ bá jáde, owó tí wọ́n ń san fún lọ́yà kékeré ní ilé-iṣẹ́ kan kò tó owó ọkọ̀. Ta ni yóò san án?

Alájẹṣẹ́kù Ṣàgámù
Òótọ́ lẹ sọ nípa owó oṣù lọ́yà kékeré. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí wọ́n yá gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n yá èyí tí gààrí fúnra rẹ̀ lè san láàárín oṣù mẹ́wàá, láìwo ojú ọmọ náà rárá. Tí ó bá ju ìyẹn lọ, kí wọ́n má yá a.

Ọgbẹ́ni Ìtọ́sọ́nà
Mo mọ àjọ kan tó ń fún gbogbo ọmọ Law School ní ₦500,000. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. ₦7,500 péré ni owó fọ́ọ̀mù.

Lọ́yà Akúrẹ́
Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ẹ má bá ẹni yìí sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín. Ọgbẹ́ni, tí àjọ yẹn bá wà, dárúkọ rẹ̀ síta níbí, kí a jọ wò ó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ó ti lọ. Kò dáhùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi nípa ti MTN àná. Mo ti béèrè dáadáa báyìí. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé girama mi ní WhatsApp kan, ẹ̀gbọ́n kan nínú wọn ní Houston ló ń dá owó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Ilé-ìwé girama tí àbúrò yín lọ náà á ní irú ẹ̀. Kí ó wá olùkọ́ rẹ̀ kan tó ṣì wà níbẹ̀, òun ló máa mọ ẹni tó ń ṣe alága wọn.

Bàbá Tísà
Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀ o. Kí ló dé tí kò lè kọ̀wé pé kí wọ́n sún àyè rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀? Kí ó ṣe tíṣà fún ọdún kan, kí ó tọ́jú owó, kí ó wọlé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ebi àti ìwé òfin kò bára wọn gbé.

Ṣadé B.L.
Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo rí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tíṣà ilé-ìwé aládàáni kò ṣe é tọ́jú. Ọdún tó ń bọ̀, owó ilé-ìwé lè ti gun òkè sí i, ìwé òfin sì ti ń fò lọ lórí ọmọ. Àyàfi tí gbogbo ọ̀nà bá dí ni kí ó sún un. Tó bá máa sún un, kí ó kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé kí wọ́n tó wọlé, kó má kàn jókòó sílé.

Bàbá Tísà
Ìwọ lo wọ bàtà yẹn, ìwọ lo mọ ibi tó ti ń tani lẹ́sẹ̀. Mo gbà fún ọ.

Télọ̀ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

A lọ kí olórí agboolé. Màámi gbé gààrí páànù kan dání. Bàbá náà jókòó, wọ́n wo ọmọ náà títí, wọ́n ní “Ṣé ìwọ ni ọmọ Jóòjì alágbẹ̀dẹ?” Òun ni. Wọ́n ní bàbá wa ló rọ ọkọ́ tí àwọn fi bẹ̀rẹ̀ oko ní ọdún tí àwọn fẹ́yàwó. Wọ́n fúnra wọn ló mú wa lọ sí ìpàdé. Akọ̀wé ibẹ̀ ka lẹ́tà àbúrò mi, gẹ́gẹ́ bí bàbá Akọ̀wé Àgbà ṣe kọ́ wa, mo fi “alágbẹ̀dẹ” sí ibi tí ilẹ̀kùn wà. Wọ́n dá ₦150,000, wọ́n san án tààrà. Ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ owó oṣù bàbá wa, olórí agboolé kàn wò ó, kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé girama rẹ̀ fún un ní ₦60,000. Màámi yá ₦120,000 lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù ọjà, oṣù mẹ́wàá, ₦12,000 àti èlé díẹ̀ lóṣù. A ṣírò rẹ̀ dáadáa, gààrí lè san án. Àjọ mi ₦150,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦480,000. Ọjọ́ Ẹtì la san owó ilé-ìwé, ₦4,000 ló kù lọ́wọ́ wa. Ó lọ kí àwọn lọ́yà tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan ní kò sówó, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ìwé mẹ́rin tí wọ́n lò. Ọ̀kan ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ti fi ìwé bọ́sàrì sílẹ̀, mo sì ti gbàgbé rẹ̀. A rí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ nínú NIN rẹ̀, òun náà la ti tún ṣe.

Ṣadé, ọ̀rọ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo rán kóòtù àti yẹ̀rì fún àbúrò mi, ó ya fọ́tò, ó fi sí orí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tó máa jọ wọlé. Àwọn méje ló ti san ₦15,000 ìdákówó, wọ́n ti fi ìwọ̀n wọn ránṣẹ́. Mo ti ra aṣọ, mo ti rán mẹ́ta. Owó oúnjẹ oṣù àkọ́kọ́ máa jáde níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé aṣọ dúdú tó ní ìlà tín-tìn-tín nínú lè kọjá? Oníbàárà kan ló ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ irú ẹ̀.

Ṣadé B.L.
Ẹ̀gbọ́n! Mo pariwo nínú ọkọ̀! Kò sí ìlà o, dúdú pátá ni ní sẹ́ẹ̀tì tiwa. Kí yẹ̀rì kọjá orúnkún, kí ọwọ́ kóòtù dé ọrùn-ọwọ́. Ẹ fi láìnì tó nípọn sí ibi abíyá, ibẹ̀ ni tèmi ti já. Ẹ fi àpò kan sínú, fún bírò àti owó ọkọ̀.

Télọ̀ Ìkẹ́rẹ́
Láìnì abíyá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. N ó tú àwọn mẹ́ta tí mo ti rán kí ilẹ̀ tó mọ́.